Èmi Lọmọ Inú Màmá Wẹ́fíà

Bẹ́ẹ̀ ni o, èmi gan-an lọmọ wọn. Ọmọ inú wọn, kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń wò mí bẹ́ẹ̀? Mo mọ̀ pé ó kéré tán èèyàn mẹ́rìnlá ti sọ fún yín pé màmá àwọn ni. Lọ́jọ́ tá a sin wọ́n, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan fi èjìká tì mí kúrò níwájú, ó ní, “Sìsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún, ẹ jẹ́ kí ọmọ olóòkú ráyè.” Èmi! Èmi tí mo gbé inú wọn fún oṣù mẹ́sàn-án! Mo sún fún un o. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n kúkú jẹ́wọ́: òjòwú ni mí, láti kékeré. Ọmọ mi pé oṣù mẹ́ta lánàá, ó sanra bí ìrọ̀rí, inú mi ń dùn débi pé mò ń dá rẹ́rìn-ín nínú balùwẹ̀. Síbẹ̀, tẹ́nì kan bá ti ní “màmá yín ló tọ́ mi,” inú mi á kọ́kọ́ ru sókè bí omi tó ń hó, kí n tó rántí pé kí n ní ẹ ṣeun. Owú yẹn náà ló mú mi ṣe nǹkan kan nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, màmá mi sì kú kí n tó lè bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀.

Iṣẹ́ wẹ́fíà ni wọ́n ṣe fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọmọ tí ò ní òbí, ọmọ tí wọ́n ń lù bí ẹni lu ejò, ọmọ tí wọ́n bá lórí bẹ́ǹṣì ní ibùdókọ̀, àwọn ni màmá mi máa ń wá ilé tuntun fún. Báàgì kan, bàtà pẹlẹbẹ tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti jẹ, bírò nínú irun. Ní ọ́fíìsì wọn, fáìlì ga jù mí lọ, wọ́n á ní, “Ọmọ mi ni gbogbo ẹ̀ yìí o.” Èmi á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì pẹ̀lú báàgì ìwé mi, èmi tí n ò ní fáìlì.

Wọ́n ní ìṣe kan tí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ń ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́. Tí wọ́n bá mú ọmọ délé tuntun, wọ́n á jókòó. Wọn ò ní dìde àfi tọ́mọ náà bá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé, “Ẹ máa lọ.” Àwọn ọmọ míì á rí bọ́ọ̀lù nílẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún, “Ẹ máa lọ, mà.” Àwọn míì, ó di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀. Ọ̀gá wọn á ní, “Ìyá, ṣé iṣẹ́ lẹ bá lọ ni àbí àlejò lẹ lọ ṣe?” Màmá mi á ní, “Àgbà ló gbé e síbí, àgbà ló gbé e sọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ kóun náà pàṣẹ ẹ̀ẹ̀kan péré.”

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo gbapò kìíní nínú ìṣirò, tí wọ́n fún mi ní àpótí pẹ́ńsù aláwọ̀ méjìlá níwájú gbogbo òbí, àga màmá mi nìkan ló ṣófo. Ilé onílé ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń dúró de ẹnu ọmọ ọlọ́mọ. Mo wo àga yẹn títí. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Mátììlọ dé. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ilé mẹ́ta ni màmá mi ti mú un lọ, ohun tó ń sọ ò ju “Ẹ má tíì lọ.” Ni wọ́n bá mú un wá sílé wa, wọ́n ní ọjọ́ méjì péré ni. Ọjọ́ méjì di ọ̀sẹ̀ méje! Bàbá mi, awakọ̀ ọ̀nà jíjìn, kì í sábà sí nílé, èmi àti màmá mi la ni bẹ́ẹ̀dì. Mátììlọ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri tó jẹ́ tèmi. Orí ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dì. Kí wọ́n tó kan tèmi, ọwọ́ ti ń ro wọ́n. Ó di etí aṣọ wọn mú, ó ń tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Mo ní, “Ṣé o fẹ́ bá wọn wẹ̀ ni?” Ó ní, “Tí wọ́n bá gbà.” Ẹ gbọ́ èsì!

Ilé kẹrin wá yọ: atúnrédíòṣe kan àti ìyàwó ẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́. Àsìkò ìsinmi ilé ìwé ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, mo fa Mátììlọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbé àpótí pẹ́ńsù mi lé e lọ́wọ́. Mo ní, “Tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀, kí màmá mi tó jókòó rárá, sọ pé kí wọ́n máa lọ.”

“Ṣé wọ́n máa padà wá?”

“Wọ́n ń bọ̀ lọ́la.”

Irọ́ pọ́nbélé. Mo mọ̀ pé tọ́mọ bá ti ní kí wọ́n máa lọ, wọn kì í padà síbẹ̀ kí oṣù kan tó pé, kí ilé lè mọ́ ọn lára.

Kí aago mọ́kànlá tó lù, màmá mi ti padà délé. Wọ́n ti gba àyè gbogbo ọjọ́ náà níbi iṣẹ́, torí náà èmi nìkan ni mo ni wọ́n! Wọ́n ń di irun mi, wọ́n ń kọrin. Àfi bí wọ́n ṣe dákẹ́ lójijì, wọ́n ní, “Ọmọ yẹn mà yára sọ ọ́ o.” Orí mi gbóná lábẹ́ òòyà. Ìgbádùn mi ò sì ju ọjọ́ kan yẹn lọ: láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, fún bí oṣù méjì. Mo ní fáìlì míì ti dé nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ń ṣàìsàn lọ́dún tó kọjá, mò ń fọ ẹsẹ̀ wọn, ọ̀rọ̀ náà á dé ètè mi, mo tún gbé e mì. Wọ́n á wò mí. “Ṣé o fẹ́ sọ nǹkan ni?” Mo ní, “Rárá, mà.”

Lánàá ni Mátììlọ wá kí wa. Ó ti di aránṣọ, ó rán aṣọ mẹ́fà fọ́mọ mi. Ọmọ tó ti ń ké láti àárọ̀, tí mo ti jó fún, tí mo ti bẹ̀ bí ẹni ń bẹ ọlọ́pàá, Mátììlọ kàn gbé e báyìí ni, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ sọ fún mi, ṣé wọn ò fẹ́ fi owú pa mí ni? Ẹ̀yìnkùlé la jókòó sí, nídìí okùn tí mo sá ìlédìí ọmọ sí. Owú ló la ẹnu mi. Mo ní, “Bó o ṣe máa ń gba tèmi nìyẹn. Ìyá mi, bẹ́ẹ̀dì mi, ó tún wá kan ọmọ mi. Ìdí tí mo fi lé ẹ lọ nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ó rẹ́rìn-ín. “Pẹ̀lú àpótí pẹ́ńsù? Mo ti sọ fún màmá tipẹ́.”

“O sọ kí ni?”

“Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n wá. Wọ́n ní ọmọ tí ò sọ ọ́ nílé mẹ́ta, tó wá sọ ọ́ lórí ìdúró, ẹnì kan ló fi sí i lẹ́nu. Mo ní àní ọmọ yín ti sọ pé ẹ ń bọ̀, mo ti ń retí yín láti àárọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo ní ṣé irọ́ ló pa fún mi ni? Wọ́n ní, ‘Irọ́ wo? Ó ní mò ń bọ̀ lọ́la. Mo dé àbí n ò dé?’ Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wá, fún oṣù méjì, títí èmi fúnra mi fi ní kí wọ́n máa lọ.”

Oṣù méjì! Mo fi pẹ́ńsù méjìlá ra ìyá mi, mo lò wọ́n fún ọjọ́ kan, ó tún gbà wọ́n padà, pẹ́ńsù sì wà lọ́wọ́ ẹ̀!

“Kí ló dé tí wọn ò bá mi wí? Kí ló dé tó jẹ́ ìwọ ni wọ́n sọ ọ́ fún?”

“Mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an. Wọ́n ní, ‘Ìyá ẹ̀ ló ń wá, ìyẹn ò burú. N ò ní fipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Mo ti jókòó, mò ń dúró dè é.’”

Ẹkún gbá mi mú. Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi jókòó dè mí, èmi ni n ò sọ. Mátììlọ na ọ̀kan nínú aṣọ tuntun ọmọ sí mi, mo fi nu imú. Ìgbà tí mo ráyè mí, mo ní, “Nínú gbogbo ẹ̀yin ọmọ wẹ́fíà, ta ni wọ́n dúró dè pẹ́ jù?”

“Èmi ni. Kò sẹ́ni tó tó oṣù méjì.”

“O ò ríran. Èmi ni!”

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rín, omi ṣì wà lójú mi, ọmọ ń wò wá bíi pé a ti ya wèrè. Ọkọ mi yọrí láti ilé ìdáná, ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, kò tiẹ̀ wojú mi. “Àǹtí aránṣọ, ẹ wọlé, ẹ wá jẹun, ó ti ń tutù!”