Ọmọ Tí Wọn Kò Fẹ́ Kó Tètè Sanra

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, tí orí rẹ̀ kò ju ọsàn lọ, inú ẹbí mi dùn gidigidi pé ó kéré. Kí ẹni tó ń kà á má rò pé mo ṣì í kọ. Mo ti fi gègé pupa tún ìwé àwọn ọmọléèwé ṣe pẹ́ tó láti mọ gbólóhùn tó wọ́. Èyí kò wọ́. Àwọn ènìyàn mi ló wọ́, ẹ sì jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀. Gbogbo ọkùnrin ilẹ̀ Ìgbómìnà tó bá ti mọ ìwé ń sáré lọ sí Ìlọrin lọ ṣe akọ̀wé ìjọba, ọkọ mi sì wà lára wọn. Èmi ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ, ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Nínú ìjọ wa, aṣọ funfun àti ìbòjú tí ìyàwó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, ìbúra ni. Bí wọ́n bá wá mọ̀ pé ọmọbìnrin ti lóyún kó tó wọ̀ ọ́, wọn yóò ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ níwájú ìjọ, wọn yóò lé e kúrò nídìí oúnjẹ alẹ́ Olúwa, ìyá rẹ̀ náà yóò sì kúrò lórí bẹ́ǹṣì iwájú. Ọkùnrin tó fún un lóyún ńkọ́? Wọn yóò gbàdúrà fún un.

Mo wọ funfun, ẹ̀tọ́ mi sì ni láti wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n oṣù méje péré lẹ́yìn ìgbéyàwó, bí mo ti ń kọ ìṣirò sójú pátákó, omi ya mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó iṣu ló gbé mi dé ilé ìwòsàn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti bí ọkùnrin.

Awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Wọ́n gbé e sínú àpótí onígíláàsì tí gílóòbù iná ń mú gbóná, wọ́n sì fi rọ́bà tín-ín-rín bọ̀ ọ́ nímú láti máa fi bọ́ ọ. Àpótí méjì ló wà nínú yàrá náà. Ọmọbìnrin kékeré kan, tí òun náà kò pé oṣù, ló wà nínú ìkejì. Òrò-Àgò ni ìyá rẹ̀ ti wá, Mùsùlùmí ni, ìyàwó àgbẹ̀, ó sì ti bí ọmọ púpọ̀ ṣáájú èyí. Èmi àti òun la jọ ń jókòó sórí àga gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpótí wa, tí a ń wo àyà àwọn ọmọ wa bó ti ń lọ sókè sódò. Nígbà mìíràn, ọmọ tèmi a gbàgbé láti mí. Nọ́ọ̀sì a fi ìka ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀, òun a sì rántí. Ṣùgbọ́n èmi, n kò gbàgbé. Bí ẹ̀rọ amúnáwá bá ti wúkọ́ lásán níta, mo ti dìde dúró.

Sístà tó ń ṣàkóso yàrá náà kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní, "Tíṣà, omi ọmú yín ni oògùn rẹ̀. Bí ẹ bá ń rí i fún sínú ife, ó ṣeé ṣe kó yè. Bí ó bá gbẹ, n kò lè ṣèlérí."

Mo ń rí i fún, díẹ̀díẹ̀. Nígbà náà ni ìyá mi dé láti ilé. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọlé, nítorí náà ó dúró lójú fèrèsé tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀, ó sì wo ọmọ mi fún ìgbà pípẹ́. Mo ń retí omijé.

"Ọlọ́run ṣeun!" ni ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ó kéré dáadáa!"

Mo jáde tọ̀ ọ́ lọ. "Màmá, ṣé ẹ rí bó ṣe ń mí?"

"Mo rí i. Ẹni tó bá rí èyí tó tún ní ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni, ojú rẹ̀ ló fọ́."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Láti ọjọ́ tí ìròyìn ti délé ni àwọn ìyá inú ìjọ ti ń ka oṣù lórí ìka. Ẹnìkan kà á lẹ́ẹ̀kan, ó ku méjì. Ó tún un kà níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ṣì ku méjì. Ìyá Ìjọ, tó jẹ́ olórí gbogbo wọn, wá sọ pé òun kì í ṣe olófòófó, nítorí náà àwọn yóò wá fi ojú ara àwọn rí i.

"Wọ́n ń bọ̀ wá kí ọ," ni ìyá mi wí.

"Ṣé kí mi ni, àbí wọ́n fẹ́ wo ọmọ mi bí ẹni wo iṣu lọ́jà?"

"Ìwọ ọmọ yìí, má fi ọgbọ́n ilé ìwé bá mi sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí wọ́n wò ó. Wíwò kì í pa ọmọ."

Òjò bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà bàjẹ́, àwọn ìyá sì sún ọjọ́ síwájú. Ọmọ mi ní tirẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ń retí òun kí òun ṣì kéré. Sístà gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì kéde lójú fèrèsé pé ó ti wúwo sí i. Ojú ìyá mi rẹ̀wẹ̀sì.

"Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò lè rọra sanra?"

Sístà rò pé àwàdà ni. Èmi mọ ìyá mi, n kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Sístà kúrò, ìyá mi pè mí sọ́dọ̀, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Má fún un púpọ̀ jù báyìí. Jẹ́ kí àwọn Ìyá Ìjọ kọ́kọ́ dé."

Láti ìgbà náà ni omi ọmú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ìyá mi kì í ṣe ìkà, ẹ má ṣì mí gbọ́. Òun kan náà ló ń gbé àkàmù gbígbóná wá fún mi lówùúrọ̀. Àmọ́ ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo jókòó ti ife òfìfo, mo fún ọmú títí ó fi ń ro mí, n kò rí ju ohun tó lè bo ìdí ife lọ. Nígbà tí wọ́n tún gbé ọmọ mi wọ̀n, ó ti fúyẹ́. Sístà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Kí lẹ ń rò, Tíṣà?"

Obìnrin Òrò-Àgò, tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èmi àti ìyá mi lójú fèrèsé, ló bá mi dáhùn. "Aṣọ ìgbéyàwó ni wọ́n ní ó ní àbàwọ́n, Sístà. Ọmọ yìí ni wọ́n fẹ́ fi fọ̀ ọ́." Ó wá kọjú sí mi. "Ẹ̀yin onígbàgbọ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ́tótó! Ṣé kò sí ọṣẹ nílé yín ni?"

Ní ọjọ́ tí àwọn ìyá dé, Sístà ti sún àpótí ọmọ mi sẹ́yìn lọ síbi ògiri lówùúrọ̀, kí atẹ́gùn má baà fẹ́ sí i. Àpótí ọmọbìnrin ará Òrò-Àgò nìkan ló kù létí fèrèsé, ọmọ náà sì kéré ju tèmi lọ dáadáa. Ìyá mi mọ̀. Ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n ti sún un.

Ẹ̀yìn fèrèsé ni wọ́n ní kí wọ́n dúró, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun ẹgbẹ́, pẹ̀lú agbòjò. Ìyá Ìjọ nu awò ojú rẹ̀, ó fi í sójú, ó sì tẹ imú mọ́ gíláàsì.

"Háà! Olúwa mi o! Èyí kò tilẹ̀ tó oṣù méje!"

"Mo ti sọ fún yín tipẹ́," ni ẹnìkan wí. "Inú ilé tó dáa ni wọ́n ti tọ́ ọmọbìnrin yẹn." Òun yìí ló kọ́kọ́ ka oṣù lórí ìka.

Èmi ń wò wọ́n láti inú yàrá, fèrèsé sì ṣí díẹ̀. Tíṣà kì í rí àṣìṣe kó dákẹ́. Mo ti la ẹnu láti sọ pé àpótí tó wà níbi ògiri ni tèmi, ni obìnrin Òrò-Àgò bá já mi léèékánná nítan.

"Tíṣà, ẹ dákẹ́! Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi jẹ́rìí fún yín."

"Ọkùnrin ni, àbí?" ni Ìyá Ìjọ bèèrè.

"Ọkùnrin ni, mà," ni ìyá mi dáhùn, láìṣẹ́jú.

Ìyá Ìjọ tún wò ó dáadáa, ó sì mi orí. "Kí n má parọ́, ó jọ bàbá rẹ̀ bí ìmumu. Ẹ wo iwájú orí akọ̀wé!"

Ìyàwó àgbẹ̀ Òrò-Àgò ki ìró bọ ẹnu. Mo gbọ́ tó ń sọ nínú aṣọ pé, "Ó kù kí bàbá rẹ̀ gbọ́ pé òun ti di akọ̀wé." Bí ẹ̀rín ṣe gbá mi mú nìyẹn. N kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí mo ti bímọ. Mo tẹ orí bá, mo rín in títí omi fi bọ́ lójú mi, àwọn ìyá tó wà níta sì rò pé ẹkún ayọ̀ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́, nọ́ọ̀sì sì ní kí wọ́n gbé e lọ sábẹ́ igi.

Nígbà tí mo gbé orí sókè, iwájú bùbá mi ti tutù rinrin. Mo na ọwọ́ sí ife. Omi ọmú dà wá bí ẹni pé ó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kún ife dé ìdajì kí n tó ṣíwọ́. Sístà gbé e lọ sídìí ògiri, ó rọra dà á sínú rọ́bà, a sì ń wò ó bó ti ń lọ. Ọmọ náà kò pọ̀ ọ́. Ó mí, ó tún mí, ẹnikẹ́ni kò ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀.

Agolo mílíìkì àti páálí ṣúgà tí àwọn ìyá kó wá fún ọmọ tí wọ́n rí, mo kó gbogbo rẹ̀ fún obìnrin Òrò-Àgò. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n rí. Ó gbà á láìjiyàn.

Ìyá mi sin àwọn àlejò dé ìdí ọkọ̀. Ó dúró títí wọ́n fi rìn jìnnà, lẹ́yìn náà ló sáré padà wá, gèlè rẹ̀ lọ́wọ́. Ó bẹ Sístà títí wọ́n fi jẹ́ kó wọlé. Ó lọ tààrà sídìí ògiri, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé gíláàsì.

"Ó yá, bàbá mi," ló wí fún ọmọ náà. "Máa sanra. Wọ́n ti lọ."