Àdúà Tí Wáyà Kò Lè Gbé

Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ wáyà tẹlifóònù. Títí dòní, bí mo bá rí òpó tẹlifóònù tó dá dúró lójú ọ̀nà Savalou sí Bantè, n óò pòṣé, n óò gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn tí a jọ wọkọ̀ lè rò pé orí mi ń yí. Kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Òpin àwọn ọdún 1990 ni ọ̀rọ̀ yìí. Savalou ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ní bíró ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ oníṣu àti oníkajú. Èmi ni akọ̀wé, èmi náà ni wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ lé lọ́wọ́, nítorí ọ̀gá wa ń sá fún un bí ẹni tó rí paramọ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ wa ní ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mo ṣe é, mo to àwòrán iṣu àti kajú síbẹ̀ kí àwọn oníbàárà òkè òkun lè rí ọjà wa. Ilé-iṣẹ́ kan ní Kútọnu ló ń bá wa gbé ìkànnì yìí sórí ẹ̀rọ tiwọn. Bí mo bá fẹ́ fi nǹkan kún un, màá yọ wáyà lẹ́yìn tẹlifóònù, màá tì í bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ á han gooro bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń fà lẹ́sẹ̀, á wá wọ Kútọnu. Bó bá wọ̀ ọ́ o.

Bàbá mi wà ní Bantè, àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀. Télọ̀ ni, òun ló ń rán agbádá fún àwọn ìmáàmù wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ ń já. Dókítà ní kí a má gbé e lọ síbì kankan mọ́, pé kòtò ojú ọ̀nà á pa á kí àìsàn tó pa á. Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló ń tọ́jú rẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Kánádà. Bó ṣe lọ gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀. Ó ta oko kajú Bàbá ní Lougba láìsọ fún un, ó fi ra tíkẹ́ẹ̀tì bààlúù. Lọ́jọ́ tó ń lọ, Bàbá jáde síta pẹ̀lú tépù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó sọ ọ́ lójú gbogbo àdúgbò pé: "Ibi tó wù kí o lọ, kù díẹ̀ káàtó ni tìrẹ. Gbogbo ohun tí o bá dáwọ́ lé, bó bá kù díẹ̀ kó jọ, kò ní jọ." Ó wọlé padà. Àbúrò mi náà gun mọ́tò.

Ẹ̀yin tí ẹ kàwé lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà kàwé, n kò rẹ́rìn-ín. Bí iṣẹ́ bá ti fẹ́ bọ́ sí ọmọ yìí lọ́wọ́ ní Kánádà, wọn á gbà á fún ẹlòmíràn. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ dé orí tábìlì ìkẹyìn, wọ́n dá a padà. Ìyàwó rẹ̀ lóyún, oyún náà wálẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀. Ó tún lóyún, ó tún wálẹ̀. Obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìwé àbúrò mi dé sórí kọ̀ǹpútà bíró: "Ẹ̀gbọ́n mi, ayé ti sú mi. Mo máa ń dúró lórí afárá, mo máa ń wo omi. Ẹ bá mi bẹ Bàbá kí wọ́n tú èpè náà."

Mo ka ìwé yẹn tán. N kò tilẹ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, Bantè ni mo gbà lọ.

Nílé wa, ohun tí ẹnu bàbá bá dì, ẹnu bàbá nìkan ló lè tú u. Ọmọ gbọ́dọ̀ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìtúsílẹ̀ náà, kó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe àmín, kí bàbá sì gbọ́ àmín náà nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Bí bàbá bá ti wọ ilẹ̀ láìgbọ́ ọ, ó parí. Òmíràn tún wà: a kì í gé àdúà àgbà. Bí àgbà bá ti ṣe Bìsímílàhì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kíni, àní adìẹ pàápàá, a ó lé e. Bí nǹkan bá já a lẹ́nu, àgbà náà á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, á tún Bìsímílàhì ṣe.

Mo ka ìwé àbúrò mi fún Bàbá. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní: "Ṣé ọmọ mi náà ló ń wo omi?" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní: "Gbé rẹ́díò oníkásẹ́ẹ̀tì yẹn wá."

Tẹlifóònù pósìtì, ilé ìfìwéránṣẹ́ Bantè, ti kú láti ìgbà tí ìjì ti wó òpó lulẹ̀. Bí a bá sì fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ nípa pósìtì, ẹ̀ẹ̀rùn á dé kó tó dé Kánádà, Bàbá kò sì ní ọjọ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo wá rò ó pé màá gba ohùn Bàbá sórí kásẹ́ẹ̀tì, màá gbé e sínú kọ̀ǹpútà ní Savalou, màá fi sórí ìkànnì wa, láàárín iṣu àti kajú, kí ọmọ náà lè fà á wálẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tọ̀hún. Télésájé ni àwa ń pè é. Ó rọrùn lẹ́nu.

Bàbá bẹ̀rẹ̀. Ó ti lọ jìnnà nígbà tí aládùúgbò kan yọjú: "Sàlámù àlékúmù, ara baba ńkọ́?" Ìyá Àgbà fẹ́ẹ̀ fi ìgbálẹ̀ fọ́ ọ lórí. Bàbá mí hẹlẹ, ó padà sí Bìsímílàhì. Mo yí kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, ojú kan kásẹ́ẹ̀tì náà ti kún bámúbámú. Ìtúsílẹ̀ ni, ìdáríjì ni, ó ń wúkọ́, ó ń dúró gba èémí, ó ń dárúkọ àwọn òkú wa lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí.

Ẹ gbà mí! N kò mọ bí ohùn èèyàn ṣe wúwo tó àfìgbà tí mo kó o sínú kọ̀ǹpútà. Mo fún un pọ̀, mo tún fún un pọ̀, kó lè kéré, títí ohùn Bàbá fi dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Mo ní rárá o, ọmọ náà ò ní mọ̀ pé bàbá òun ni. Mo dá a padà sí bó ṣe yẹ. Mo ń gbé e lọ sí Kútọnu, òjò ṣú, wáyà já. Mo tún bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan pè láti Paraku láti béèrè iye iṣu, ó já. Ọjọ́ Àìkú tí bíró tì ni mo tó rí i gbé kọjá. Mo bú sẹ́kún nídìí kọ̀ǹpútà. Mo kọ̀wé sí àbúrò mi pé ohùn Bàbá wà lórí ìkànnì, kó fà á.

Ó fà á. Ó dé ìdajì, ó já. Ó tún fà á láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí bó bá ti já, kò mọ ibi tó dé mọ́. Ó já. Ó kọ̀wé láti ilé ìkàwé yunifásítì wọn: "Ẹ̀gbọ́n mi, ó kù díẹ̀ kó parí ni o. Ó kù díẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé èpè náà ṣì ń ṣiṣẹ́?"

Inú bí mi dé eegun. Mo pe ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ní Kútọnu. Ó ní: "Màdáàmù, ẹ̀rọ wa kì í gba kéèyàn pẹ́ lórí rẹ̀, á lé e jáde ni. Ẹ gé fáìlì yẹn sí wẹ́wẹ́. Kí ó fà á níkọ̀ọ̀kan, kó tò wọ́n pọ̀ lọ́hùn-ún. Bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn." Mo ní àdúà bàbá mi ni, a kì í gé e. Ó rẹ́rìn-ín. Mo pa tẹlifóònù mọ́ ọn létí.

Kí n má tan ẹnikẹ́ni, èmi náà gbà pé a kì í gé e. Èmi tí mò ń fi kọ̀ǹpútà jẹun! Mo jẹ́ kí ọmọ náà máa fa odindi rẹ̀, ó ń já, ó ń fà á. Ìwé rẹ̀ ń kúrú sí i. Níkẹyìn ó kọ ọ́ pé: "Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi." Mo sáré lọ Bantè, mo bá Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ ohun tí ará Kútọnu wí. Ó la ojú sí mi: "Gé kí ni? Ṣé ẹran ni àdúà? Ẹ̀mí ta ni o fẹ́ gé?"

Mo kígbe mọ́ ọn, kí Ọlọ́hun dárí jì mí. Mo ní: "Ìyá, ọmọ yín fẹ́ bẹ́ sómi!"

Bàbá gbọ́ wa láti orí ẹní. Ó ní kí a wọlé. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ débi pé a ní láti bẹ̀rẹ̀ sórí rẹ̀. Ó ní: "Ta ló ń gbin odidi iṣu? Ẹ gé e. Bí gbogbo ẹ̀bù bá ṣáà ti wọlẹ̀." Ìyá Àgbà gbà, ṣùgbọ́n ó ní àmín ọmọ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ àkọsílẹ̀, kó ti ẹnu jáde. Bàbá fi orí sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo padà sí Savalou, mo gé ohùn bàbá mi. Níbi tó ti ń mí ni mo ti ń gé e, kí ọ̀rọ̀ kankan má baà pín sí méjì. Mo ń gbé wọn sórí ìkànnì lọ́kọ̀ọ̀kan, àbúrò mi ń fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì já. Nígbà tó kan èyí tó kẹ́yìn, èyí tí ìtúsílẹ̀ gan-an wà nínú rẹ̀, ọ̀gá mi fẹ́ na ọwọ́ yọ wáyà kúrò lẹ́yìn kọ̀ǹpútà kó lè pe ìyàwó rẹ̀. Mo fò dìde: "Ọ̀gá, bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ̀yin lẹ máa sin òkú méjì!" Ọkùnrin náà fẹ̀yìn rìn jáde. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò sì dùn mí.

Ẹ̀bù ìkẹyìn wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ohùn àbúrò mi dé, fáìlì kékeré tó jẹ́ pé kí n tó fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó ti wọlé tán: "Àmín, Bàbá mi. Àmín. Mo ti gbọ́. Mo kúrò lórí afárá." Mo gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, mo sáré dé gáréèjì. Takisí Bantè kò tíì kún, awakọ̀ ń jẹ guguru. Fara balẹ̀, ni wọ́n ń sọ fún mi. Fara balẹ̀ síbo? Mo gun sẹ́mijàn, alùpùpù akérò, láti Savalou dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, eruku pọ́n mi láti orí dé ẹsẹ̀.

Bàbá ṣì wà. Ojú rẹ̀ pa dé, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ìnira. Ìyá Àgbà gbé rẹ́díò ti etí rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi sọ̀rọ̀ nínú yàrá náà. Bàbá la ojú. Ó ní: "Tún un sọ." A tún un tẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ní ó ti tú, ó ti tú pátápátá.

Mo ti fẹ́ dìde lọ bomi sójú. Ó ní: "Ta ló gbé e wá?"

Ìyá Àgbà ní: "Ọmọ rẹ obìnrin ni. Òun náà ló ń sáré kiri látọjọ́ yìí."

Ó wò mí. Ó wò mí bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi wọlé. Ó ní: "N kò tíì ṣe tìrẹ."

Mo kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orí eruku tó wà lórí mi. Ó ní: "Bìsímílàhì. Ìwọ ọmọ mi yìí, tí o kò sinmi, Ọlọ́hun yóò..." Ó dúró gba èémí. Mo tẹ orí ba, mò ń dúró dè é, bí mo ṣe gbọ́ ọ tó ń dúró gba èémí nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Mo dúró pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo sí i lórí mi.

Ìyá Àgbà ló gbé ọwọ́ náà kúrò, ó pa ojú Bàbá dé. Ó ní: "Ṣe àmín."

Mo ní: "Ìyá, kò tíì débẹ̀. Kò tíì sọ ohun tí Ọlọ́hun yóò ṣe."

Ó ń sunkún, ó di èjìká mi mú. Ó ní: "Ṣe é bẹ́ẹ̀, ọmọ mi." Mo ṣe é.