Ilẹ̀ Yàrá Màmá Mi ní Ẹ̀pẹ́

Ẹni tó lẹ táìsì sí ilẹ̀ ilé mi ní Ìkòròdú ni mo mú lọ sí Ẹ̀pẹ́, nígbà tí mo fẹ́ tún ilé tí màmá mi fi sílẹ̀ ṣe. Ọmọ Ọ̀ṣun ni, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, owó rẹ̀ kì í sì í ga ni lára. Ìdí nìyẹn tó fi yà mí lẹ́nu pé owó iṣẹ́ tó pè lórí yàrá màmá mi nìkan ju ti pálọ̀ àti yàrá kejì lápapọ̀ lọ.

"Yàrá méjèèjì ò tóbi ju ara wọn," mo ní. "Àbí torí pé a ti kúrò ní Ìkòròdú ni?"

Kò bá mi jiyàn. "Mọ́mì, ẹ wá ẹlòmíì kó wá wò ó. Tí tiẹ̀ bá dín sí tèmi, ẹ gbé e fún un."

Mo wá ẹlòmíì lóòótọ́. Nítòsí Ọjà Olúwo ni wọ́n ti júwe ọkùnrin àgbàlagbà kan fún mi. Ó wo pálọ̀, iye tó pè tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì ti ń sọ lọ́kàn mi pé ọmọ Ọ̀ṣun yẹn fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni. A wọ yàrá màmá mi. Ó ń fi igi òòlù kan ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ibi tí bẹ́ẹ̀dì wọn máa ń wà. Ó dúró. Ó tún un kàn. Ló bá jáde, ó ń wọ bàtà rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kọ́kọ́ wò ó ṣe é," ó ní. Kí n tó bi í pé kí ló dé, ó ti dé títì.

Mo pe ọmọ Ọ̀ṣun padà. Ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n fi etí lélẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn kún yàrá, síbẹ̀ sìmẹ́ǹtì yẹn tutù mọ́ mi létí. Ó kan ilẹ̀. Ìró rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀, ó ń lọ. Nígbà tó dákẹ́ tán, mo gbọ́ omi tó ń mì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fọwọ́.

"Kànga ni," ó ní. "Pákó ni wọ́n fi bò ó, wọ́n wá da sìmẹ́ǹtì lé e. Mo gbọ́dọ̀ fọ́ ọ, kí n dí i, kí n da kọnkéré tó nírin nínú. Iṣẹ́ yẹn ni mo pe owó lé."

Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni èmi àti màmá mi jọ ń sùn ní gbogbo ìgbà èwe mi. Mo pe ẹ̀gbọ́n màmá mi lórí fóònù, mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ nípa kànga náà.

"Ta ló ní kí o gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò níbẹ̀?" ni wọ́n wí, wọ́n sì pa fóònù.

Mi ò bẹ oníṣẹ́ náà pé kó dín kọ́bọ̀ kù. Òkúta tí típà já sẹ́nu ọ̀nà tán pátá kí kànga náà tó kún. Ilẹ̀ yàrá náà ń dán báyìí, ó sì le dáadáa. Tí mo bá lọ sí Ẹ̀pẹ́, pálọ̀ ni mò ń sùn.