Kọ̀ǹpútà Tí Mo Mú Yára Jù

Ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ní Jiddari Polo ni wọ́n pín mi sí nígbà tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ ní Maiduguri. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo kà ní yunifásítì, nítorí náà wọ́n fà mí lé obìnrin àgbà tó ń tọ́jú fáìlì aláìsàn lọ́wọ́. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá rẹ̀ kúrò ní Ọ̀fà, Maiduguri ni wọ́n sì bí òun sí. Yorùbá rẹ̀ dùn létí, ṣùgbọ́n bí àyà rẹ̀ bá já, Hausa ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu.

Sáfà kan wà ní yàrá wa, kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, tí àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn wà nínú rẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà àwọn nọ́ọ̀sì ti ń mú ohun tí wọ́n bá fẹ́ kà. Ó ti gbó, ó sì ń falẹ̀. Bí wọ́n bá tan iná sólà láàárọ̀, a ó kí ara wa tán, a ó mu kókó tán, kò ní tíì jí. Ní oṣù kejì mi níbẹ̀, mo bẹ dókítà àgbà kí wọ́n jẹ́ kí n pààrọ̀ dísìkì rẹ̀. Mo ra tuntun ní ọjà Custom, mo kó gbogbo àkọsílẹ̀ sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tan án, kí Màmá tó tún ìborùn rẹ̀ ṣe tán, sáfà ti jí. Àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Orí mi wú.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wàhálà fi dé. Láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, sáfà á jí, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ kò ní jí. Kò sí kọ̀ǹpútà kan tí yóò rí i. Bí mo bá pa á tí mo tún un tàn, á dára. Ọjọ́ kejì lè lọ wẹ́rẹ́, kí ọjọ́ kẹta tún dàrú. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo nu eruku. Mo di ẹ̀bi ru ooru Maiduguri.

Màmá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Kọ́pà, kò ṣe báyìí rí kí o tó mú un yára o."

Mo rẹ́rìn-ín. "Màmá, yíyára kì í ba nẹ́tíwọ̀kì jẹ́."

Ó kàn ń to fáìlì rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ìyá kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ wá láti àdúgbò 1000 Housing, ara ọmọ náà gbóná bí iná. Nọ́ọ̀sì ti fa pẹnisílíìnì sínú abẹ́rẹ́ nígbà tó wá sọ ní ẹnu ọ̀nà wa pé fáìlì ọmọ náà kò ṣí. Màmá na ọrùn, ó wo ojú ọmọ náà, ó sì fò dìde.

"Kada ki yi mata allura!" ó kígbe. Kí nọ́ọ̀sì má gún un lábẹ́rẹ́ ni ó ń wí. Ó yíjú sí mi: "Pẹnisílíìnì kò bá ọmọ yìí lára mu. Lọ́dún tó kọjá, ojú rẹ̀ wú débi pé kò lè là á."

Nọ́ọ̀sì dúró, ó mú abẹ́rẹ́ dání, ó ń wò mí. Mo kúnlẹ̀ síwájú sáfà, mo tún nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ tàn. Fáìlì ṣí. Bí Màmá ṣe wí gẹ́lẹ́ ló wà níbẹ̀. Wọ́n fún ọmọ náà ní oògùn mìíràn, nígbà tó sì fi di ọ̀sán, ó ti ń jẹ bísíkíìtì.

Èmi kò lè jẹun. Mo jókòó ti sáfà náà, mo ń ka àkọsílẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ máa ń ṣe nígbàkigbà tó bá ń jí. Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, n kò kà á rí. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ kedere. Àpótí kékeré tó so gbogbo kọ̀ǹpútà pọ̀ ló ń fún sáfà ní àdírẹ́sì tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù fi ń rí i, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jí. Nígbà tí sáfà ṣì ń falẹ̀, àpótí yìí ló máa ń ṣáájú rẹ̀. Ní báyìí, láwọn ọjọ́ kan, sáfà ló ń kọ́kọ́ jí, á béèrè àdírẹ́sì, kò ní rí ẹni dá a lóhùn, á sì ṣíwọ́ bíbéèrè.

"Màmá," mo ní, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo fà á. Ẹ sọ fún mi, n kò gbọ́."

Ó gbé fáìlì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "To, madalla. Ó dára, o ti wá gbọ́ báyìí. Ṣé ó ṣeé tún ṣe?"

Ó ṣeé tún ṣe. Mo fún sáfà ní àdírẹ́sì tirẹ̀ tí kò ní máa tọrọ mọ́, mo sì pa á láṣẹ pé kí ètò tó ń ṣí fáìlì máa dúró de nẹ́tíwọ̀kì kó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí aláìsàn ìkẹyìn lọ, a pa gbogbo iná ilé ìwòsàn, a tún un tàn, léraléra. Màmá ló ń tẹ síwíìṣì, èmi ń wo ojú kọ̀ǹpútà nọ́ọ̀sì. Kò kùnà rárá.

Síbẹ̀, Màmá kò gbà pé ó parí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ìwé tuntun kan kalẹ̀ síwájú mi pẹ̀lú bírò pupa. Gbogbo ọmọ tí oògùn kan kò bá lára mu ni ó fẹ́ ká kọ sínú rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí sáfà kò bá ṣiṣẹ́. Èmi ń ka orúkọ láti inú sáfà, òun ń kọ ọ́. Ní ìgbà mẹ́ta, ó dárúkọ ọmọ kan tí sáfà kò ní, mo sì fi í kún ti inú sáfà.