Abẹ́ Ọkọ̀ Adéyínká

Ẹ má dárúkọ Adéyínká fún mi o jàre. Káfíńtà ni ní Anloga Junction, níbí ní Kumasi, bí bàbá rẹ̀ ti ṣe káfíńtà kó tó kú. Ẹnu rẹ̀ mú ju ayùn ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ojú iṣẹ́ rẹ̀ máa ń dán débi pé èèyàn lè fi ṣe dígí wé gèlè. Ibi tí ojú ò bá dé ńkọ́? Ẹ fara balẹ̀, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Ní 1993, Dinah àbúrò mi ló fẹ́ fi ṣaya. Bàbá wa fẹ́ràn rẹ̀, torí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun àti bàbá Adéyínká, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la sì jọ ń lọ. Ó ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan wá fún Dinah, a gbé e ti ògiri pálọ̀, ó ń kọ mànà. Gbogbo àlejò ló ń yìn ín. Èmi ò yìn ín.

Làwọn kan tó máa ń gbafẹ́ ní adágún Bosomtwe bá ní kí àwọn káfíńtà Anloga kan ọkọ̀ onígbòkun, èyí tí atẹ́gùn máa ń fẹ́ aṣọ rẹ̀ tí á fi rìn, kí wọ́n wá fi díje. Adéyínká dìde láàárín pálọ̀ wa, ó gbáyà: "Bàbá, bí Kwasi tí ṣọ́ọ̀bù wa jọ kángun síra bá fi lè ṣáájú mi, ẹ má fún mi ní Dinah mọ́." Ta ló bi í? Ayé ọmọ ọlọ́mọ ni jàǹdùkú yìí fi ń ṣe fáàrí.

Lọ́jọ́ náà, gbogbo wa wọkọ̀ lọ wòran. Ọkọ̀ Adéyínká pupa yòò, ó kọ orúkọ Dinah sí i lára, ìgbòkun rẹ̀ sì tóbi bí àtíbàbà. Ti Kwasi ò lẹ́wà rárá. Atẹ́gùn ọjọ́ yẹn ò lè mi ewé kókò. Ti Kwasi yọ́ lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ti Adéyínká ń wọ́, bíi pé ẹnì kan di ìdí rẹ̀ mú lábẹ́ omi. Apẹja kan tó dojú bolẹ̀ lórí pákó rẹ̀, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wa omi, kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tiẹ̀ juwọ́ sí i. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń ro mí.

Nígbà tó fi máa gúnlẹ̀, Kwasi ti jẹ kẹ́ńkè tán, ó ti fọwọ́.

"Atẹ́gùn ni!" Adéyínká ń pariwo. "Bàbá, atẹ́gùn ò tó!"

Bàbá wa mirí pé lóòótọ́ ni. Àbí atẹ́gùn ọ̀tọ̀ ló fẹ́ Kwasi?

Wọ́n yí ọkọ̀ náà dé. Dinah fọwọ́ ra abẹ́ rẹ̀, ó yára fà á padà: èérún igi ti gún un. Adéyínká ò fi ìfági kan ibẹ̀, ká má tiẹ̀ sọ ti sáńpépà. Ojú ayùn ṣì wà lára pákó, àtè gbígbẹ wú gbágungbàgun káàkiri.

"Chale!" Kwasi kígbe. "Gbogbo èyí ló ń di omi mú!"

Ìyẹn náà tún gba àlàyé? Bí atẹ́gùn bá le, á fipá ti ọkọ̀ játijàti lọ. Bó bá rọ̀, agbára táṣẹ́rẹ́ tó wà, abẹ́ tí kò dán ni yóò jẹ ẹ́ tán.

"Ta ló ń wo abẹ́ ọkọ̀?" Adéyínká fèsì. "Ṣebí inú omi ló máa wà."

Bí gbogbo wa, títí kan Adéyínká, ṣe délé, Dinah kọjá sí pálọ̀ tààrà. Ó ní kí n bá òun yí kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri. Hwɛ! Ẹ wá wò ó! Pákó àpótí ọṣẹ ni ẹ̀yìn rẹ̀, orúkọ ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀ gàdàgbà, ìṣó wọ́ sọ́tùn-ún wọ́ sósì, aáyán ń sá jáde.

Aláìnítìjú rẹ́rìn-ín. "Dinah, ta ló ń wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù? Àlejò kì í débẹ̀."

"Bọ̀dá Yínká," Dinah ní, "ibi tí àlejò kì í dé yẹn lẹ fẹ́ mú mi lọ."

Ó kúnlẹ̀ fún Bàbá. "Bàbá, ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ má fún wọn."

Bàbá wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo ìka Dinah tó ti wú. "Adéyínká," ó ní, "gbé kọ́bọ́ọ̀dù rẹ."

Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un. Apá méjèèjì ni mo ṣí.