Gàárì Kíkan

Agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni. Èmi, ìyàwó mi àti ìyá mi nìkan la wà ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ifọ̀. Káfíńtà ni mí. Mo fi ẹ̀mú igi tí mo gbẹ́ fúnra mi di ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan mú lórí sítóòfù. Ìtọ̀ ìyàwó mi ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú oògùn olómi aláwọ̀ aró tí wọ́n fún wa ní ọsibítù kan l'Abẹ́òkúta. Bó bá hó tí àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà, kò sí ṣúgà. Bó bá di àwọ̀ ewé, ó wà díẹ̀; bó bá pọ́n bí ìyeyè, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bó bá pupa bíi bíríkì, ewu ni.

Ìyá mi ní, "Ìtọ̀ lẹ wá ń sè láàárọ̀. Ẹ má gbàgbé iyọ̀ o."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Omi náà hó. Ó pupa bíi bíríkì.

Oyún náà ti pé oṣù méje. A ti bí méjì ṣáájú rẹ̀, ọmọ ńláńlá, tí gbogbo àdúgbò ti ń yin ikùn ìyá wọn kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé. Òkú la bí méjèèjì. Dókítà ní àtọ̀gbẹ ló fà á: bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ó ń dé ara ọmọ, ọmọ lè sanra jù, ó sì lè kú sínú. Ó ní kí ìyàwó mi yẹra fún ṣúgà.

Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Mo ti agolo ṣúgà mọ́ inú àpótí irinṣẹ́ mi, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Mo bi í pé, "Ta ló fún ọ ní ṣúgà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, n ò fẹnu kàn án."

"Ìgò yìí ló ń purọ́ nìyẹn?"

Omijé kò tán lójú rẹ̀ títí ọkọ̀ ojú irin fi gbé wa dé Abẹ́òkúta.

Ní ọsibítù, àgbà nọ́ọ̀sì kan bi í pé, "Ìyàwó, kí lo jẹ lálẹ́ àná?"

"Ẹ̀bà ni, mà."

"Báwo ló ṣe tó?"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì júwe rẹ̀. Ìyá mi ló ń tẹ̀ ẹ́ fún un, torí pé ẹni méjì ló ń jẹun.

Nọ́ọ̀sì kọjú sí mi. "Ọ̀gá, ẹ̀bà yẹn, ṣúgà ló ń dà nínú ara. Fùfú náà bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ náà bẹ́ẹ̀. N ò ní kó má jẹun o. Kó dín in kù, kó fi ẹ̀fọ́ àti ẹja kún un."

Mo ní, "Gàárì kíkan ni, mà."

"Ẹnu yín ló ti kan. Ẹ̀jẹ̀ ò mọ kíkan."

Ó ní bí ìtọ̀ náà bá ṣì ń pupa títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí, wọn yóò dá ìyàwó mi dúró sí ọsibítù, wọn yóò sì máa gún un lábẹ́rẹ́.

Kí a tó délé, mo ti mọ̀ pé mo ṣẹ ìyàwó mi. Ó ti di olóògbé báyìí, n ò sì fẹnu ara mi bẹ̀ ẹ́ rí lórí ọ̀rọ̀ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé agolo ṣúgà padà sáàyè rẹ̀ nílé ìdáná. Mo mú ife kékeré kan fún ìyá mi, mo ní òun ni kó máa fi wọn gàárì ìyàwó mi, kó sì máa fi wọn tèmi náà.

Ìyá mi wò mí. "Ṣé ìwọ náà lóyún ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo lọ tan sítóòfù. Nígbà tí omi náà hó, n ò wò ó. Ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ nà án sí.

"Ó pọ́n bí ìyeyè," ló wí. "Kò pupa."

Mo kọ ohun tó wí sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì.