Ìyá Tí Mi Ò Gbọdọ̀ Kọ́kọ́ Kí

Girama ọdún mẹ́ta péré ni mo kà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ṣakí fi mí kún àwọn obìnrin tí wọ́n fẹ́ kọ́ bí èèyàn ṣe ń tẹ́tí sí ẹni tí ìyà ọ̀pọ̀ ọdún ti ba ọkàn rẹ̀ jẹ́. Nọ́ọ̀sì àti tíṣà ni àwọn yòókù. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí.

Olùkọ́ wa sọ pé tá a bá pàdé ẹni tó ń wá bá wa sọ̀rọ̀ níta, a ò gbọdọ̀ kọ́kọ́ kí i, kí àwọn èèyàn má baà máa bi í pé níbo ló ti mọ̀ wá. Tíṣà kan rẹ́rìn-ín.

"Ní Ṣakí níbí, mà? Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti sọ fún ìyá mi pé mo ti ń gbéra ga."

Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n máa tẹ́tí sí jẹ́ ìyá kan láti Ìlerò. Mo sọ òfin yẹn fún wọn, wọ́n ní kò burú. Ọ̀rọ̀ oko nìkan ni wọ́n máa ń sọ. Nígbà tó yá, wọ́n dárúkọ ọkọ wọn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu wọn.

Ká tó tún pàdé, mo rí wọn lọ́jà níbi tí wọ́n ti ń ta iṣu, àwọn àti obìnrin kan tó ń pè wọ́n ní ìyàwó wa. Orúnkún mi ti ń tẹ̀ kí n tó rántí. Mo yíjú sí iṣu.

"Ìyàwó wa, wo ọmọ yìí. Ó rí àgbà, ó gbójú kúrò. Àbí iṣu ló bí i?"

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa iṣu.

Lọ́jọ́ tó yẹ ká pàdé, wọn ò wá. Mo jókòó ti àga wọn títí wọ́n fi fẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi olùkọ́ wa bóyá kí n lọ bẹ̀ wọ́n nílé. Wọ́n ní, "Tó o bá débẹ̀, gbogbo ilé á mọ̀. Dúró dè wọ́n." Ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn tá a jọ ń ránṣọ rí i pé ara mi ò yá. Wọ́n ní ọkùnrin ló já mi jù sílẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìyá náà dé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé o rí mi lọ́jà?"

"Mo rí yín, mà."

"O ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀, mo rántí. Síbẹ̀, ó dùn mí."

Ẹ̀bẹ̀ ti wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ wa pé ẹ̀bẹ̀ tó bá yá jù máa ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn nínú. Mo ní, "Báwo ló ṣe dùn yín, mà?"

Wọ́n jókòó. "Bí ọkọ mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tó bá lù mí tán, á máa wò mí kọjá bí ẹni pé ògiri ni mí. Ó lè tó oṣù kan. Lílù yẹn sàn."

Wọ́n ń sọ ọ́ lọ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé.

Nílé, ìyá mi bi mí pé kí la ṣe lónìí. Mo ní a kàn jókòó ni.

"Ìjókòó ló gba gbogbo ọ̀sán?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì gbé oúnjẹ mi lọ sẹ́yìn ilé.